Òǹtẹ̀ Òru ní Fremont: Bí Nótárì Alárìnkiri Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ fún Àlejò Òtẹ́ẹ̀lì Tẹ́tẹ́

Òtẹ́ẹ̀lì El Cortez wà lójú pópó Fremont, láàárín gbùngbùn ìlú Las Vegas, ní ìpínlẹ̀ Nevada. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú yàrá 59 àti gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ tó lókìkí nílùú náà ló ti dàwátì. Dunes, Stardust, Tropicana, ohun abúgbàmù ni wọ́n fi wó gbogbo wọn, ọdún 2024 sì ni ti Tropicana. El Cortez ṣì ń gba àlejò. Ní ọdún 2013, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà sí.

Tẹ́tẹ́, ọtí àti orin ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kì í dúró de onílé kó tó dé. Àlejò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kí fóònù rẹ̀ dún: ẹni tó fẹ́ ra ilé rẹ̀ ní Ohio ti ṣe tán, ìwé kan ló kù tí àlejò náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù níwájú nótárì, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí ìbuwọ́lù, òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ ẹ. Òmíràn fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wá ń béèrè ìwé ìyọ̀ǹda kí ọmọ náà tó lè bá wọn rìnrìn àjò lọ sí Kánádà. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ọ́fíìsì gbogbo ti tì. Nótárì alárìnkiri, ẹni tó ń gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ wá bá èèyàn níbi tó wà, ni wọ́n máa pè.

Ẹni tó bá ti bá nótárì pàdé ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí lọ́yà. Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè ló ń yàn wọ́n níbẹ̀, àárín àwọn lọ́yà ló sì ti ń yàn wọ́n. Ti Nevada kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ ló ń fún wọn níṣẹ́, ọdún mẹ́rin mẹ́rin sì ni. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tó ṣe ẹ̀kọ́ tí ìjọba là sílẹ̀, tó sì ní ìwé onídùúró $10,000, lè di nótárì. Ó lè jẹ́ awakọ̀, ó lè jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Onídùúró yẹn kì í ṣe láti gba nótárì sílẹ̀ o. Ẹni tí àṣìṣe nótárì bá kó bá ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń sọ kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yìí dé iwájú mi, níbí, lónìí, mo rí ẹ̀rí pé òun ni, òun ló sì ni ìbuwọ́lù yìí. Ó parí síbẹ̀. Òǹtẹ̀ kò sọ pé òótọ́ lohun tó wà nínú ìwé. Kò sọ pé àdéhùn náà dára, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ilé tí wọ́n ń tà kì í ṣe ilé tí ẹlòmíràn ń bá wọn dù. Ẹ̀rí ojúkojú ni nótárì ń jẹ́. Gbogbo ohun tó ń ṣe ní òru yẹn, títí kan ohun tó kọ̀ láti ṣe, inú ẹ̀rí yìí ló ti ń jáde.

Orí fóònù niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Irú ìwé wo ni? Ẹni mélòó ló fẹ́ buwọ́ lù ú? Ṣé ìwé ìdánimọ̀ wà lọ́wọ́, ṣé ọjọ́ kò sì tíì lọ lórí rẹ̀? Ṣé wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ àlejò dúró, nítorí inú fóònù ni ìwé wọn wà, nótárì tó gbé òǹtẹ̀ oníyíǹkì wá kò sì lè lu ojú fóònù ní òǹtẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó. Nótárì kì í kàn dá iye tó bá wù ú lé èèyàn lórí. Òfin Nevada gbà á láyè láti gba dọ́là 15 fún ìbuwọ́lù àkọ́kọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ìrìn dá dúró lọ́tọ̀: láti agogo mẹ́fà àárọ̀ sí méje alẹ́, kò gbọdọ̀ ju dọ́là 15 lọ fún wákàtí kan, láti méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, dọ́là 30. Ó lè gba owó wákàtí méjì, bí ibẹ̀ ò bá tiẹ̀ jìnnà. Nítorí náà, ẹni tó pè é ní mẹ́wàá alẹ́ fún ìbuwọ́lù kan ṣoṣo lè san dọ́là 60 fún ìrìn àti 15 fún iṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ 75. Kí nótárì tó kúrò nílé, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé pé owó ìrìn kì í ṣe ara owó iṣẹ́, pé òfin ò sì sọ ọ́ di dandan, kí àwọn méjèèjì wá fẹnu kò lórí iye. Bí àlejò bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tí nótárì ti gbéra, owó ìrìn tí wọ́n jọ ṣàdéhùn ti di tirẹ̀. Òfin yìí dára gan-an ni, nítorí ẹni tí ìdààmú bá lóru nílùú onílùú kò lágbára àtinájà.

Ilé tẹ́tẹ́ àtijọ́ kò rọrùn fún iṣẹ́ ìwé. Wọ́n ń mu sìgá nínú rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ kì í dákẹ́, ó sì ṣòro kí o tó rí aago lára ògiri. El Cortez ṣì ní àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí, irú èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá ní Las Vegas, owó irin tó ń já lu àwo irin sì máa ń bo ohùn èèyàn mọ́lẹ̀. Tábìlì káàdì kì í ṣe ibi tí èèyàn ń tẹ́ ìwé lé, àwọn tó ń ṣọ́ kámẹ́rà kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ dúró nínú gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ ní Nevada, èyí tó fi hàn pé ọmọ ọdún 19 lè gba ìwé àṣẹ nótárì, kó má sì lè bá oníbàárà rẹ̀ jókòó nídìí ẹ̀rọ. Igun kan nítòsí káńtà ìgbàlejò ni wọ́n sábà máa ń yàn, tàbí tábìlì ilé oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ yàrá, àlejò fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá mú un, káàdì yàrá ló ń mú un gòkè. Àwọn nótárì kan kì í gòkè rárá lóru, pàápàá àwọn obìnrin, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí wọn.

Wọ́n ti jókòó báyìí. Nótárì gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wo fọ́tò. Ó yí káàdì náà síbi iná kó lè rí àwòrán tó fara pamọ́ nínú rẹ̀. Ó ka orúkọ náà lẹ́tà lẹ́tà mọ́ ti inú ìwé, torí pé orúkọ ilé ọkọ lè wà lórí ọ̀kan kí orúkọ ilé bàbá wà lórí èkejì. Káàdì tí ilé tẹ́tẹ́ fún àlejò, tí orúkọ rẹ̀ hàn gàdàgbà lára rẹ̀, kò wúlò níbí. Ẹni tí wọ́n jí àpamọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè rí ọ̀nà àbáyọ bí ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, tó mọ̀ ọ́n dunjú, bá búra pé òun ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n pàdé nídìí tábìlì káàdì lánàá kì í ṣe irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ló wọ́pọ̀, ìyàtọ̀ wọn sì ti ba ìwé púpọ̀ jẹ́. Nínú èkíní, ẹni náà wá jẹ́wọ́ níwájú nótárì pé tòun ni ìbuwọ́lù yìí, òun sì fínnúfíndọ̀ ṣe é. Ìyẹn, kódà bó bá ti buwọ́ lù ú lánàá, kò burú. Èkejì ni ìwé ìbúra. Ojú nótárì gan-an ló gbọ́dọ̀ ti buwọ́ lu ìyẹn, lẹ́yìn tó bá ti búra pé òótọ́ lohun tó wà níbẹ̀. Nótárì ń béèrè, ẹni náà ń fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Mímirí kò tó. Kò pọn dandan kó di Bíbélì tàbí Kùránì mú, ẹni tí kò bá sì fẹ́ búra lè jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà mìíràn tí òfin fọwọ́ sí. Àlejò tó bá ti fi ìkánjú buwọ́ lu ìwé ìbúra nínú yàrá yóò tún un ṣe. Bí ìwé náà kò bá sì sọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń fẹ́, nótárì kò lè yàn án fún un. Ìmọ̀ràn òfin nìyẹn, lọ́yà nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àlejò ní láti pe ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́.

Ọtí ló wá le jù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, agogo mẹ́wàá alẹ́ sì lè bá èèyàn nínú ife karùn-ún. Nótárì tó mọṣẹ́ kì í béèrè pé, “Ṣé ẹ mutí?” Ìbéèrè rẹ̀ máa ń rọrùn ju ìyẹn lọ: ìwé kí ni èyí? Ta ló fi í ránṣẹ́ sí yín? Kí ló máa yí padà tí ẹ bá buwọ́ lù ú? Ẹni tó lóye ohun tó ń ṣe á fi gbólóhùn méjì dáhùn. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín tó ń ní “Ẹ ṣáà lù ú ní òǹtẹ̀” ti dáhùn pẹ̀lú. Nótárì tún ń wo ẹni tó dúró tì í. Bí ẹnì kejì bá ń bá a dáhùn gbogbo ìbéèrè, tó ń fi ìka hàn án ibi tó máa buwọ́ lù, tó sì jẹ́ pé ìwé mọ́tò ni ìwé náà, tí oníbàárà sì ti pàdánù owó lálẹ́ yẹn, nótárì á ní kí ẹni náà jọ̀wọ́ sún sẹ́yìn. Ó lè dá ìwé padà láìlù ú. Inú ń bí àlejò nígbà náà, àmọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ nótárì, kò sí èyí tó ṣe pàtàkì tó kíkọ̀ yìí. Òǹtẹ̀ tó ń bọ́ sórí ìwé gbogbo ẹni tó bá ti sanwó kò jẹ́rìí ohunkóhun.

Lókè ìwé ẹ̀rí tó ń bá òǹtẹ̀ rìn, nótárì ń kọ ìpínlẹ̀ Nevada, káúntì Clark, níbi tí Las Vegas wà. Àlejò láti Ohio á ní, “Ohio nilé náà wà o!” Ibi tí wọ́n jókòó sí ló ṣe kókó, kì í ṣe ibi tí ìwé ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere, kó wo Cal Neva, òtẹ́ẹ̀lì tẹ́tẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní ọdún 1926 létí adágún Tahoe, èyí tí olórin Frank Sinatra wà lára àwọn tó ni ín níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ààlà California àti Nevada gba inú ilé náà kọjá, wọ́n tiẹ̀ fa ìlà rẹ̀ gba inú odò ìwẹ̀ ibẹ̀. Kí wọ́n tó tì í ní ọdún 2013, apá Nevada nìkan ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́. Nótárì Nevada tó bá sún àga rẹ̀ kọjá ìlà yẹn ti jáde kúrò níbi tí àṣẹ rẹ̀ dé.

Àwọn nǹkan kan wà tí nótárì kì í fọwọ́ kàn. Las Vegas ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á sì fẹ́ kó bá wọn fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Òfin Nevada kà á léèwọ̀. Ọ́fíìsì akọ̀wé káúntì Clark ló ń fúnni ní ẹ̀dà tó ní àṣẹ. Kò sì gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní “notario”, nítorí létí ẹni tó ń sọ èdè Spéènì, lọ́yà ńlá lọ̀rọ̀ yẹn ń pè, ọ̀pọ̀ àjèjì ni wọ́n sì ti fi orúkọ yẹn lù ní jìbìtì.

Bí ìwé bá ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, òǹtẹ̀ nìkan ti tó. Bó bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Hague, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gba ìwé ara wọn, Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ Nevada á so apostille mọ́ ọn, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí pé òótọ́ ni òǹtẹ̀ náà. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn náà. Ọmọ Yorùbá tó bá ti òtẹ́ẹ̀lì Las Vegas fi ìwé yan àbúrò rẹ̀ láti bójú tó ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú yóò fi ìwé náà rìn jìnnà: ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ Nevada, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, kó tó kan aṣojú ìjọba Nàìjíríà. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa retí pé ìwé bẹ́ẹ̀ á parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó fi wà ní ìsinmi. Láti ọdún 2018, òfin Nevada ti gba ìbuwọ́lù orí fídíò láyè, ó sì máa ń rọrùn fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ àwọn kan tó ń gba ìwé ṣì ń fẹ́ yíǹkì gidi.

Nígbà tí ohun gbogbo bá tò, nótárì á tẹ òǹtẹ̀ onígun mẹ́rin náà sí àyè tó ṣófo, kó má baà bo ọ̀rọ̀ kankan, á sì gbé ọwọ́ kúrò tààrà kí yíǹkì má fà. Kí àlejò tó dìde, ìwé àkọsílẹ̀ ṣì kù. Ọjọ́, wákàtí, irú ìwé, ẹ̀rí ìdánimọ̀ tí wọ́n rí, iye tí wọ́n gbà: gbogbo rẹ̀ wọlé sórí ìlà kan, àlejò á sì buwọ́ lù ú. Ìwé ilé á lọ sí Ohio ní àárọ̀. Ìlà yẹn á wà lọ́wọ́ nótárì, kí ọjọ́ tí ẹnì kan bá dìde ní kóòtù láti sọ pé òun kò dé Las Vegas rí, wákàtí tó jókòó nísàlẹ̀ El Cortez àti ìbuwọ́lù ọwọ́ rẹ̀ lè wà níbẹ̀.