Kì í ṣe update ló ba tábúlẹ́ẹ̀tì yín jẹ́

Láti Challenge n'Ílọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, bí bíráúsà, ìyẹn app tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì bíi Chrome, bá kọ̀ tí kò ṣí lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni: "Update tí mo ṣe ló bà á jẹ́." Ẹni tó jókòó tì í á sì dá a lóhùn pé: "Ẹ lọ reset ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kó lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀." Ìmọ̀ràn yìí máa ń dùn mí, torí ohun tó ń bà jẹ́ pọ̀ ju ohun tó ń tún ṣe lọ.

Reset, ìyẹn kí á nu gbogbo ohun tí ẹ kó sórí ẹ̀rọ dànù, kì í dá update padà. Android tuntun, ètò tó ń darí tábúlẹ́ẹ̀tì, tó bá update wọlé, ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti bá a. Ohun tó máa lọ ni tiyín: àwòrán ìgbéyàwó, wáàsí tí ẹ gbà sílẹ̀ nínú oṣù Ààwẹ̀, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ dé ìdajì. Èyí tí ẹ kò bá tọ́jú sórí àkáǹtì Google tàbí sí ibòmíràn, ó lọ nìyẹn.

Kí ló wá dé tí reset fi ń ṣiṣẹ́ nígbà míì? Ó jẹ́ pé cache bíráúsà wà lára ohun tó gbá dànù, ìyẹn àwọn nǹkan tí bíráúsà kó pamọ́ kí ojúewé lè tètè ṣí nígbà míì. Bí cache bá ti dàrú, ojúewé lè funfun báláú, bíráúsà sì lè máa pa ara rẹ̀ dé. Ẹ lè nu òun nìkan: ẹ wọ Settings, Apps, Chrome, Storage, kí ẹ tẹ Clear cache. Fọ́tò kan ṣoṣo kò ní sọnù. Ẹ má tẹ èyí tó wà nítòsí rẹ̀ o, tí wọ́n kọ Clear storage tàbí Clear data sí, torí ìyẹn máa kó password tí kò sí nínú àkáǹtì Google yín lọ.

Ohun míì tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé update tábúlẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ti bíráúsà. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì ni ti Android ti ń wá, Play Store ni ti Chrome ń gbà wọlé. Ẹ̀kẹta wọn ni Android System WebView, tí àwọn app míì fi ń ṣí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì nínú ara wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, WebView tó lábùkù jáde, ni app bá ń kú lójijì káàkiri ayé. Lóòótọ́, update ló fa ti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò ba ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Google gbé Chrome àti WebView 89.0.4389.105 jáde, ọ̀rọ̀ sì parí. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ṣe update Android tán, ẹ wọ Play Store kí ẹ ṣe ti Chrome àti WebView pẹ̀lú.

Ẹ wo déètì náà. Bí iná bá ti lọ pẹ́, tí bátìrì kú pátápátá, déètì lè padà sẹ́yìn, bíráúsà á sì máa kìlọ̀ lórí gbogbo ojúewé pé kò sí ààbò. Ẹ jẹ́ kí tábúlẹ́ẹ̀tì máa gba déètì fúnra rẹ̀.

Mi ò sọ pé ìbẹ̀rù update ṣàdédé wá. Ní oṣù Kejìlá 2017, Apple gbà pé àwọn fi update dín eré àwọn iPhone kan tí bátìrì wọn ti gbó kù. Ọ̀rọ̀ bátìrì nìyẹn, kì í ṣe ti bíráúsà tó kọ̀ tí kò ṣí.

Àìṣe update gan-an ló ń lé tábúlẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Láti ọdún 2025, Chrome 138 ló kẹ́yìn fún Android 8 àti 9. Android 10 sókè nìkan ni Chrome 139 gbà. Kò sí reset tó lè yí ìyẹn padà. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wọ Settings, About tablet, kí ẹ wo Android tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 8 tàbí 9, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti fi update tí ẹ ń sá fún ránṣẹ́.