Kí ni àwọn kádẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé gírámà ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta ló ti gba fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn láti Amẹ́ríkà lórí WhatsApp, tí wọ́n bá ọmọ náà nínú aṣọ ológun, pẹ̀lú bàtà dúdú tó ń dán, tí àyà wọn sì já. Ọmọ ọdún 15! Ṣé wọ́n ti mú un wọ iṣẹ́ sójà ni? Rárá o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kádẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé gírámà, kì í ṣe sójà. Kò tọwọ́ bọ ìwé kankan pé òun yóò lọ sójú ogun, kò sì sẹ́ni tó máa pè é fún iṣẹ́ ológun nítorí pé ó wà nínú ẹgbẹ́ náà.

JROTC (Junior Reserve Officers' Training Corps) ni wọ́n ń pe ètò náà lọ́hùn-ún. Òfin ọdún 1916 ló gbé e kalẹ̀, ó sì ti wà ní ilé-ìwé tó ju 3,000 lọ. Láti kíláàsì kẹsàn-án títí dé ìkejìlá ni wọ́n ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ kíláàsì yòókù, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló sì sábà máa ń kọ́ wọn. Lóòótọ́, bí ọmọ tó ti ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan bá dàgbà tó sì wá fẹ́ ṣe sójà, ipò tó ti máa bẹ̀rẹ̀ lè ga díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé ọgbọ́n àtifa ọmọdé wọ iṣẹ́ ogun ni. Àwọn ilé-ìwé kan tiẹ̀ ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn òbí sì fi ẹjọ́ sùn. Torí náà, ẹ béèrè bóyá ọmọ yín fúnra rẹ̀ ló yàn án.

Èyí tí ojú ń rí jù nínú iṣẹ́ wọn ni yíyan. Ẹni tó bá ti rí Bọ́ìsì Brìgéèdì tí wọ́n ń lu ìlù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìyẹn dáadáa. Àwọn mìíràn ń gbé àsíá níbi ayẹyẹ: ẹni mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́, méjì á gbé àsíá, méjì á máa ṣọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tó gba agbára jù ni Raiders. Àwọn yìí máa ń sáré ọ̀nà jíjìn, wọ́n á ta okùn kí wọ́n lè gbà á sọdá, wọ́n á gbé ẹni tó ń ṣe bí ẹni tó fara pa. Àwọn kan ń yin ìbọn afẹ́fẹ́, àwọn kan ń fi máàpù àti kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà nínú igbó. Ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn wà fún ọmọ tí kò fẹ́ràn eré sísá.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fẹ́ràn ètò yìí ni pé àwọn ọmọ ló ń darí ara wọn. Ẹ wò ó bí oyè ogun àwọn Ẹ̀gbá: Balógun wà, Ọ̀tún wà, Òsì wà, Sẹ́ríkí wà, kálukú ló sì ní ohun tí wọ́n máa bi í léèrè. Ọmọ kan ni olórí gbogbo kádẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé náà, òmíràn ni igbákejì rẹ̀. Lábẹ́ wọn ni àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè. S-1 ló ń tọ́jú orúkọ àti ìwé ìgbéga. S-2 ń rí sí ààbò. S-3 ló ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́: ta ni yóò yan, níbo, lọ́jọ́ wo. S-5 ń gbé ìròyìn ẹgbẹ́ jáde. S-4 ló wà nídìí sítóò, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ọmọ ọdún 16 ló ń ka aṣọ, bẹ́líìtì àti fìlà tí wọ́n kó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mọ ẹni tó mú nǹkan tí kò dá a padà. Bí ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó wà nílẹ̀ kò bá dọ́gba, òun ni yóò ṣàlàyé.

Wọn kì í sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọmọ tuntun á kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹlòmíràn. Tó bá yá, wọ́n á fi àwọn ọmọ bíi mélòó kan sábẹ́ rẹ̀: á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aṣọ wọn gún lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọ yunifọ́ọ̀mù, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí sọ́tùn-ún àti sósì. Kí wọ́n tó gbé e ga, ó lè jẹ́ pé yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí yóò da ìbéèrè bò ó. Ọmọ tó ń tijú kò ní í tijú títí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Abẹ́òkúta. Ilé-ìwé gírámà àwọn ológun ojú omi wà láàárín wa, bárékè Alámàlà wà, a sì mọ Man O' War. A mọ̀ ọ́n yan. Ibi tó ti kù fún wa ni ìdarí, nítorí pé aago àti pàṣán nìkan la ń kó lé ọ̀pọ̀ pírífẹ́ẹ̀tì wa lọ́wọ́. Kò ní í ná olùkọ́ ní kọ́bọ̀ tó bá fún ọmọ SS2 kan ní ìwé sítóò pé kó kọ gbogbo ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, kó sì wá kà á sókè níwájú ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.