Oníbodè Ọpọlọ Ni, Kì Í Ṣe "Ìdènà Ẹ̀jẹ̀"

Mo tún ti rí i: "ìdènà ẹ̀jẹ̀-ọpọlọ", ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní blood-brain barrier. Ẹni tó kọ ọ́ ń ṣàlàyé ìdí tí kẹmó, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń fi ewé àti èèpo igi ṣe kì í fi í ṣe dáadáa lórí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ. Àlàyé rẹ̀ já gaara, ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ sọ "ìdènà ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ" fún ẹni tí kò ka ìwé sáyẹ́ǹsì rí, kí ẹ bi í ní ohun tó gbọ́. Á ní ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ọpọlọ mọ́. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn! Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń lọ ń bọ̀ nínú ọpọlọ láìsí ìyọnu. Ẹrù tí ẹ̀jẹ̀ gbé dání ni wọ́n ń tú wò kó tó wọ ọpọlọ. Ẹni tó túmọ̀ orúkọ náà kàn to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi dáṣì so wọ́n pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ògiri ọpọlọ" táwọn kan ń lò sàn díẹ̀. Àmọ́ agbárí lèmi máa ń rò tí mo bá ti gbọ́ ọ. Yàtọ̀ síyẹn, ògiri ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Èyí mọ̀ ọ́n: ṣúgà tí ọpọlọ ń jẹ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọlé.

Oníbodè lèmi ń lò. Ẹnì kan ti bá mi fà á pé èèyàn ni oníbodè, pé sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe èèyàn. Ṣé ojú abẹ́rẹ́ ń ríran ni? Ṣé ẹnu ọ̀nà ń jẹun? Òmíràn ní kí n kúkú sọ pé "aṣọ́bodè". Èyí ti di orúkọ iṣẹ́ ìjọba, ó ń múni rántí fọ́ọ̀mù.

Ìlú olódi ni kí ẹ fojú inú wò. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ọpọlọ fún mọ́ra débi pé kò sí àlàfo tí oògùn lè gbà yọ́ kọjá, àfi kó gba ọwọ́ oníbodè. Èyí tó bá kéré, tó sì bá ọ̀rá rẹ́, lè rí ọ̀nà. Síbẹ̀, oníbodè kan wà tí wọ́n ń pè ní P-glycoprotein, purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì yẹn, ọdún 1976 ni wọ́n dá a mọ̀. Àlejò tó ti wọlé gan-an, á di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, á tì í síta kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ewé nìyí. Vincristine, kẹmó kan, wá látara òdòdó Madagásíkà. Paclitaxel, kẹmó mìíràn, wá látinú èèpo igi kan tí wọ́n ṣà ní Amẹ́ríkà ní 1962, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin ní 1992. Nínú àwo yàrá ìwádìí, paclitaxel ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ. Àmọ́ oníbodè mọ ojú àwọn méjèèjì. Temozolomide, kẹmó tí wọ́n ń lò jù fún jẹjẹrẹ ọpọlọ, kò tinú ewé wá; paclitaxel wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. (Oríṣi kókó jẹjẹrẹ ọpọlọ pọ̀, n ò ní kà wọ́n, bodè kan náà ni.)

Ẹ má sọ pé ká kúkú fi abẹ́rẹ́ gbé oògùn kọjá bodè. Vincristine tó bá ṣèèṣì wọ omi ọ̀pá ẹ̀yìn ń pani ni. Òótọ́ ni pé kókó náà ń ba bodè jẹ́ láàárín ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti rá wọ inú ọpọlọ tó dá ṣáká, ẹ̀yìn oníbodè tó ṣì lágbára ni wọ́n sá sí.

Nítorí náà, àwọn kan ń tún èròjà ewé ṣe kí oníbodè má bàa dá a mọ̀. Àwọn mìíràn ń wá bí bodè ṣe máa ṣí fúngbà díẹ̀. Ní 2023, àwọn oníṣègùn kan ní Chicago gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí aláìsàn 17 jáde: wọ́n fi ẹ̀rọ sínú agbárí, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa afẹ́fẹ́ tí wọ́n wé bí èéhó, tó kéré ju ohun tójú lè rí, sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá fi ìró tí etí ò lè gbọ́ mì ín. Bodè ṣí. Paclitaxel tó wọ ọpọlọ di ìlọ́po 3.7. Kí wákàtí kan tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú bodè ti padé. Ẹ̀yin onígiri, ògiri wo lẹ wó rí tó tún ara rẹ̀ mọ láàárín wákàtí kan?