Ọmọ ló lọ sí kọ́ọ̀tù, ìyá ẹ̀ ni wọ́n kọ bíìlì sí

Màmá kan wá bá mi, kò tíì jókòó dáadáa tó fi na ẹ́ńfílọ́ọ̀pù sí mi, "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, ṣebí ẹjọ́ ọmọ yìí ti parí, owó kí tún lèyí?"

Ní Amẹ́ríkà, oríṣi owó mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú bíìlì bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Fáìnì ni owó ìtanràn. Owó gbà-má-bínú ni ti ẹni tí ọmọ bá nǹkan ẹ̀ jẹ́. Ẹ̀kẹta ló máa ń bí mi nínú, ìyẹn fíì: ìjọba ti ọmọ mọ́lé, ó wá ń gbowó ibùsùn lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, owó probation (ìyẹn kí òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù máa ṣọ́ ọmọ nílé), owó àyẹ̀wò ìtọ̀, owó ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọmọ lọ́rùn ẹsẹ̀, títí kan owó lọ́yà tí ìjọba fúnra ẹ̀ gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1967 ni Supreme Court Amẹ́ríkà ti sọ nínú ẹjọ́ Gault pé tí òbí ò bá rówó lọ́yà, kí ìjọba pèsè ẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n fún ẹ lọ́rẹ tán, wọ́n tún gbé bíìlì ọrẹ tẹ̀lé e.

Ní Orange County, California, $23.90 ni wọ́n ń kọ sí màmá kan lọ́rùn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ẹ̀ lò ní àhámọ́. Ó ta ilé ẹ̀, ó san ju $9,500 lọ, káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ní ó ṣì kù, wọ́n sì ń lépa ẹ̀ nìṣó kódà lẹ́yìn tí kọ́ọ̀tù ti dá a sílẹ̀ kúrò nínú gbèsè, wọ́n ní owó yẹn dà bí owó tí bàbá tó já ọmọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ san. 2016 ni kọ́ọ̀tù àpíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba màmá náà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọdún kejì ẹ̀ ni California ṣe òfin SB 190, láti January 2018 káúńtì kankan ò lè kọ irú fíì yẹn sí òbí lọ́rùn mọ́, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò pa gbèsè àtijọ́ rẹ́ o, àfìgbà tí SB 1290 dé ní 2020. Ọdún 2020 yẹn náà ni Maryland pa fíì àti fáìnì ọmọdé rẹ́ pọ̀, New Mexico ṣe tiẹ̀ ní 2021.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé owó yẹn á kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ọmọ ọdún 15 wo ló ń gbowó oṣù? Àwọn olùwádìí wo ẹjọ́ ọmọ tó lé ní 1,000 ní Allegheny County, Pennsylvania, àwọn tí owó kọ́ọ̀tù wà lọ́rùn wọn gan-an ló ń padà sí kọ́ọ̀tù jù.

Tí tiyín bá dé, ẹ má torí ìtìjú fi káàdì san án. Ẹ ní kí wọ́n to owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀ àti òfin tí wọ́n fi bù ú. Tágbára ò bá gbé e, ẹ sọ fún adájọ́ kí ẹ sì mú ìwé owó oṣù àti réǹtì dání, torí láti ìgbà ẹjọ́ Bearden ní Supreme Court ní 1983, wọn ò lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí owó láì kọ́kọ́ béèrè bóyá ó lágbára àtisan. Ẹ má ṣáà yẹ ọjọ́ kọ́ọ̀tù, ìyẹn ò ní àwáwí. Owó gbà-má-bínú náà ṣì wà, SB 190 ò fọwọ́ kàn án.

Ìlà mẹ́rin ló wà nínú bíìlì màmá yẹn. Mẹ́ta jẹ́ fíì àtijọ́ tí òfin ti pa rẹ́. Ẹ̀kẹrin ni gíláàsì mọ́tò tí ọmọ fọ́, òun nìkan la jọ ṣètò bí wọ́n á ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀.