Eré Tí Ọta Ìbọn Yín Ń Sá Gan-an

Ìwé tí mo fi ń di kátíríìjì (idẹ tó kó ẹ̀tù àti ọta pọ̀) fúnra mi ní kí n máa retí 2,700, ìyẹn ni pé ọta á sá 2,700 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbà á gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù tó ń ṣírò ibi tí ọta máa bọ́ sí, mo yí awò ìbọn mi bí áàpù ṣe wí, mo sì dojú kọ irin tí wọ́n gbé kọ́ ní 1,000 yáàdì, ní pápá ìyìnbọn kan níbí ní Texas. Ìbọn dún. Eruku sọ nísàlẹ̀ irin, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo tún yìn ín, ibẹ̀ náà ló tún bọ́ sí.

Ọ̀pá ìbọn tí wọ́n fi dán kátíríìjì inú ìwé náà wò gùn ní íńṣì 24, tèmi ò ju 20 lọ. Bí ọ̀pá bá kúrú, èéfín gbígbóná tó ń ti ọta ò ní ráyè tì í pẹ́. Ní ti 6.5 Creedmoor, irú kátíríìjì tí mo ń yìn, íńṣì kan tó bá dín máa ń gba nǹkan bí 20 sí 25 lára eré ọta. Nígbà tí mo yá chronograph ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, 2,610 ló kà fún mi.

Ní 100 yáàdì, kò sẹ́ni tó máa fura. Bí ẹ bá fi 50 ṣi eré ọta gbé, bíi mìlímítà méjì péré ni ihò á fi yẹ̀ lára bébà. Àṣìṣe yẹn kan náà ló ń di ẹsẹ̀ bàtà kan ní 1,000. Bàbá bàbá mi tó ń fi ṣakabùlà dọdẹ ò ní wàhálà yìí: ẹtu tó bá ti kọjá ọgbọ̀n yáàdì, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ má fi ọta mẹ́ta wọn eré. Mẹ́ta lè ṣe déédéé lọ́sàn-án òní kó sì tàn yín jẹ. Ẹ yìn mẹ́wàá, kí ẹ mú ìpíndọ́gba. Ẹ kọ bí ooru ọjọ́ náà ṣe tó sílẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn ẹ̀tù kan wà tó jẹ́ pé dígírì Fahrenheit kan tó bá lé, eré ọta á fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan lé. Kátíríìjì tó bá ti yáná oòrùn nínú mọ́tò, ẹ má fi wọn nǹkan kan.

Ẹni tí ò ní ẹ̀rọ ńkọ́? Ní 1742, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Benjamin Robins, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ bó ṣe ń yìnbọn lu pákó wúwo tó so rọ̀, tó sì ń fi bí pákó ṣe fì tó ṣírò eré ọta. Tiyín rọrùn jùyẹn. Ẹ kọ́kọ́ tún awò ṣe kí ọta máa bá ojú àmì gan-an ní 100. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bébà ńlá sí 800 tàbí 1,000, ẹ yìn mẹ́wàá, kí ẹ wọn bí àárín àwọn ihò ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ fojú sùn. Ẹ wá máa yí eré inú áàpù títí tó fi máa sọ ohun tí bébà sọ. Àmọ́ bí awò yín kì í bá yí tó iye tí wọ́n kọ sí i lára, irọ́ lẹ máa kà, torí náà ẹ yẹ ìyẹn wò ná.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín: ẹ má torí pé ẹ fẹ́ bá 2,700 inú ìwé kẹ́ ẹ wá bu ẹ̀tù kún un kọjá ibi tí ìwé ní kẹ́ ẹ dúró. Ìbọn lè bẹ́, ojú yín ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní tèmi, bébà ní 2,595, chronograph ní 2,610. Mo fi táàpù lẹ 2,595 mọ́ ìdí ìbọn.