Ètò òru tó pòórá: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣì ń wá a

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìròyìn kan jáde tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: wọ́n rí apá mẹ́sàn-án nínú eré Doctor Who, tí kò sí lọ́wọ́ BBC mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní ìlú Jos. Eré ìrọ̀lẹ́ ni ìyẹn, kì í ṣe ètò òru. Ṣùgbọ́n bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, ìrètí àwọn tó ń wá ètò òru ayé àtijọ́ á tún sọ jí, ọ̀rọ̀ náà á sì tún dàrú mọ́ wọn lójú. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí.

Irú ètò wo là ń pè ní ètò òru?

Èyí tí wọ́n ń gbé jáde nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ti sùn, tí òǹwòran rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ tí àwọn díẹ̀ tó ń wò ó kì í jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wọ́n.

Ilé iṣẹ́ ló fúnra rẹ̀ ṣe ètò. Báwo ló ṣe máa wá a tì?

Wọ́n pa á rẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń ká àwòrán tẹlifíṣàn sórí téèpù, èyí tí ilé iṣẹ́ Ampex gbé jáde lọ́dún 1956, ń lo téèpù tó fẹ̀ ní ínṣì méjì. Ẹyọ kan tó gba wákàtí kan tó nǹkan bí 300 dọ́là, owó ńlá sì ni nígbà náà. Téèpù ọ̀hún ṣeé lò léraléra, nítorí náà bí ètò bá ti jáde tán, wọ́n á ká òmíràn lé e lórí. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ fídíò nílé, wọn kò sì rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ tún un wò.

Bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ṣe lọ nínú ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí Johnny Carson fi ṣe atọ́kùn ètò òru The Tonight Show ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn NBC, láti oṣù kẹwàá ọdún 1962 títí ó fi kó ètò náà kúrò ní New York lọ sí California lọ́dún 1972. Ètò tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ká má wá sọ ti ilé iṣẹ́ kékeré. Ní Ìlú Ọba, àwọn aláwàdà méjì, Peter Cook àti Dudley Moore, gbọ́ pé BBC fẹ́ pa ètò àwọn rẹ́, wọ́n ní àwọn ṣe tán láti sanwó téèpù kí wọ́n má pa á rẹ́. BBC kọ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú àṣà yìí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, torí àwọn tó fi òógùn wọn ṣe iṣẹ́ náà ló ń bẹ̀bẹ̀.

Àwọn ètò mìíràn kò tilẹ̀ ní téèpù tí wọn ì bá pa rẹ́. Lọ́dún 1954, Maila Nurmi máa ń jáde lóru lórí tẹlifíṣàn Los Angeles nínú aṣọ dúdú, ó ń jẹ́ Vampira, ó sì ń fi fíìmù abanilẹ́rù han àwọn tí kò tíì sùn. Bó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Fọ́tò àti fíìmù bíńtín ló kù.

Báwo ni ti BBC ṣe wá dé Jos?

Wọ́n ń ta ẹ̀dà sí òkè òkun. Wọ́n á dojú kámẹ́rà fíìmù kọ tẹlifíṣàn, wọ́n á ya ohun tó ń lọ níbẹ̀, fíìmù yẹn ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Orílẹ̀-èdè kan á lò ó tán, á fi ṣọwọ́ sí òmíràn. Ibi tí ìrìn rẹ̀ bá parí sí, ibẹ̀ ló máa wà.

Ta ló tún ṣeé ṣe kó ní in?

Òǹwòran. Betamax, ẹ̀rọ fídíò tí ènìyàn lè lò nílé, dé lọ́dún 1975, VHS tẹ̀ lé e lọ́dún 1976, ẹni tí oorun ń kùn sì lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ká a. Mystery Science Theater 3000, ètò tí wọ́n ti ń fi fíìmù tí kò dára ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kékeré kan ní Minneapolis lọ́dún 1988. Nígbà tó yá, wọ́n ń kọ ọ́ sí òpin ètò náà pé kí àwọn ènìyàn máa pín kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kiri. Kásẹ́ẹ̀tì àwọn òǹwòran ló pa ọ̀pọ̀ nínú ti ọdún àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Ní Philadelphia, Marion Stokes bẹ̀rẹ̀ sí í ká tẹlifíṣàn tọ̀sán-tòru ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kú lọ́dún 2012. Kásẹ́ẹ̀tì tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 70,000. Internet Archive, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló gbà á.

Mo rántí ètò kan kedere, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé àlá ni mo lá ni?

Ó lè máà jẹ́ àlá, ó sì lè máà rí bí ẹ ṣe rántí rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1992, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù kan já lu ilé gbígbé kan ní Amsterdam. Kò sí kámẹ́rà tẹlifíṣàn kankan níbẹ̀ nígbà tó já. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ìrántí bi àwọn ará orílẹ̀-èdè náà bóyá wọ́n rí i lórí tẹlifíṣàn bí ọkọ̀ náà ṣe kọ lu ilé, ó lé ní ìdajì tó ní àwọn rí i. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n ti rí iná, wọ́n ti rí ilé tó wó, wọ́n ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ènìyàn. Ọkàn wọn ló hun ìyókù. Ti ètò òru tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oorun ń kun ojú, ẹ kò sì bá ẹnikẹ́ni wò ó. Ètò mẹ́ta lè ti di ọ̀kan lórí yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sílẹ̀: ilé tí ẹ ń gbé nígbà náà, kíláàsì tí ẹ wà, ètò tó ṣáájú rẹ̀, orin tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Bí ẹ bá ní, "Ṣé o rántí ọkùnrin tó da ìbòjú pupa bojú yẹn?", ọkùnrin náà ti wọ orí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kàn bi í pé kí ló máa ń wò lóru Sátidé. Bí ẹni méjì tí kò mọra bá dárúkọ ohun kan náà láìjẹ́ pé a tì wọ́n, ẹ ti ń sún mọ́ ọn.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Ìwé ìròyìn ìgbà náà, lójú ewé tí wọ́n ń tẹ àkókò ètò tẹlifíṣàn sí. Orúkọ ètò gan-an ló sábà máa ń ṣòro jù, ibẹ̀ lẹ ó sì ti rí i. Ẹ wá àwọn tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kámẹ́rà, torí ẹlòmíràn nínú wọn a máa mú ẹ̀dà lọ sílé. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ètò àtijọ́, bíi Paley Center ní New York tàbí BFI (British Film Institute) ní London.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kíká ètò sílẹ̀ nílé?

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 1984, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé kíká a láti wò ó tó bá yá kò lòdì sófin. Gbígbé e síta fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹni tó ni ètò ló ṣì ni ín, kódà bí kò bá ní ẹ̀dà kankan mọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú páálí nílé wa. Ṣé kí n tì í bọ ẹ̀rọ?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wo téèpù náà látojú gíláàsì kékeré ara kásẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti bu, tí ohun funfun bí ìyẹ̀fun bò ó, ẹ̀rọ lè já a, ìdọ̀tí náà á sì ran kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bó bá mọ́, ẹ ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì ká nǹkan lé e, kí ẹ sì fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí kò ṣe pàtàkì dán ẹ̀rọ wò. Ẹ gbé e dúró lóòró níbi tí kò gbóná, tí kò sì lọ́rinrin.

Ẹ má sì torí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dà á nù. "Ìgbéyàwó" lè wà lára kásẹ́ẹ̀tì, kí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ń ká tẹlifíṣàn sí i lọ lẹ́yìn tí onílé ti sùn. Ẹ wò ó títí dé òpin.

Ṣé kò tíì pẹ́ jù?

Lọ́dún 2015, ibi ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Australia kìlọ̀ pé ohun tí a kò bá tíì kó kúrò lórí téèpù nígbà tó bá fi di 2025 wà nínú ewu ńlá. Ọdún náà ti kọjá. Téèpù kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kà á ń tán lọ: Funai, tó ṣẹ́kù ìkẹyìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì, ọdún yìí ni kí ẹ ṣe é.

Ẹnì kan ní òun ní in, ó sì ń béèrè owó.

Kó kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ hàn yín.

Bí mo bá wá rí i ńkọ́?

Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́, kí ẹ má sì ju kásẹ́ẹ̀tì gan-an nù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá atọ́kùn ètò náà, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò fojú kan iṣẹ́ náà mọ́ láti òru ọjọ́ tó ti jáde.