Ta ló kọ́kọ́ rán ìwé eré mọ́ ara wọn?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, kàǹpéènì tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti olóṣèlú o, kò sí ìrẹsì ńbẹ̀. Nídìí eré Dungeons & Dragons, tí wọ́n ń gé kúrú sí D&D, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kàǹpéènì ni ìtàn kan ṣoṣo tẹ́ ẹ jọ ń padà sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan á jókòó bí apàlọ́, àwọn tó kù á mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, jagunjagun lẹ̀yin mú, oṣó lèmi mú, apàlọ́ á sọ ibi tá a wà, kálukú á sọ ohun tóun fẹ́ ṣe, dáìsì á wá sọ bóyá ó bọ́ sí i àbí kò bọ́ sí i. Ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún mẹ́ta.

Àwa márùn-ún là ń ṣe tiwa ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n wa kan lápá Mayfair. Ẹ̀gbọ́n yìí ni apàlọ́, wọn kì í sì í dá ìtàn rò látòkè délẹ̀, ìwé ìrìnàjò tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń lò, ìyẹn ìwé pẹlẹbẹ tó ti ya máàpù sílẹ̀, tó ti sọ ẹni tó wà ní yàrá kìíní, ohun tó wà nínú àpótí yàrá kejì, títí dé orí ọ̀gá wọn pátápátá. Níjọ́ kan wọ́n gbé ìwé méjì fún ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, onítọ̀hún da ojú ewé méjèèjì pọ̀, ó fi stapler gún un pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ìgbà tá a ti jókòó sídìí eré. A wọ ilé òmìrán láti ẹnu géètì, a ja ilẹ̀kùn kẹta, la bá bá ara wa nínú yàrá àjẹ́ kan tó ń se ọbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ látàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣí ewé síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn, wọ́n ti awò ojú wọn sókè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?" Wọ́n ní, "Kí ló máa wà? Ìyàwó òmìrán nìyẹn, ẹ kí i."

A kí i. Ìyàwó yẹn la ṣì ń sá fún dòní olónìí, òun ló dùn jù nínú gbogbo kàǹpéènì wa, kò sì sí òǹkọ̀wé kankan tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi máa wádìí, torí tẹ́lẹ̀ mo rò pé rírán ìwé mọ́ ìwé yìí, ọgbọ́n àìlówó àwa ọmọ Nàìjíríà ni, èyí tá a bá rí là ń lò. Irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín.

Ní 1969 ní Minnesota l'Amẹ́ríkà, David Wesely kó àwọn tó ń fi ọmọ ogun kéékèèké ṣeré ogun lórí tábìlì jọ, ó ní kí ẹnì kan má wulẹ̀ darí odindi ẹgbẹ́ ogun mọ́, kí kálukú jẹ́ èèyàn kan nínú ìlú. Braunstein lorúkọ eré yẹn. Dave Arneson tó wà lára wọn gba ibẹ̀ dá Blackmoor tiẹ̀ sílẹ̀, ó ń kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wọ ihò abẹ́ ilé olódi, ó wá gbé e lọ han Gary Gygax ní Lake Geneva, ní Wisconsin, àwọn méjèèjì sọ ọ́ di Dungeons & Dragons, TSR, ilé iṣẹ́ Gygax, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1974, ẹ̀dà 1,000 péré, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan.

Ìwé mẹ́ta yẹn kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń pidán, bí wọ́n ṣe ń ya ihò, wọ́n fi àpẹẹrẹ díẹ̀ sí i, ó parí. Ìrìnàjò tó ti jinná, tá a kàn máa bù jẹ, kò sí. Lójú TSR nígbà yẹn, ta ni yóò fowó ra àlọ́ ẹlòmíì nígbà tóun náà lẹ́nu? Ìkòkò ni wọ́n tà, kálukú lọ se ọbẹ̀ ẹ̀. Wọn ò rò ti ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè, tó kàn fẹ́ jókòó ṣeré lálẹ́ Sátidé jàre.

1975 ni àkọ́kọ́ yọ, Temple of the Frog, Arneson ló kọ ọ́, inú ìwé àfikún Blackmoor ló wà. 1976 ni Palace of the Vampire Queen dé, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Wee Warriors ló ṣe é, èyí dá dúró fúnra ẹ̀, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju máàpù àti àkọsílẹ̀ ohun tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan lọ, bí ìwé tí onísọ́ọ̀bù ń kọ ọjà sí. Lọ́dún kan náà Bob Bledsaw àti Bill Owen dá Judges Guild sílẹ̀ ní Decatur, Illinois, wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ TSR, wọ́n ń ta máàpù, wọ́n ń ta odindi ìlú, wọ́n ń ta ìrìnàjò, ọjà ń yá, TSR ń wò. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí lára tí ẹni tẹ́ ẹ yá láàyè níwájú ṣọ́ọ̀bù bá wá ń rí èrò jù yín lọ.

Ọdún 1978 gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Gygax ń kọ Players Handbook, ìwé òfin eré náà, lọ́wọ́, ó sinmi díẹ̀ lórí ẹ̀, ó fi àsìkò ìsinmi yẹn kọ ìrìnàjò mẹ́ta, G1, G2, G3, ilé òmìrán orí òkè, ti òmìrán yìnyín, ti òmìrán iná. Ìdíje ni wọ́n fi ṣe níbi àpéjọ Origins lọ́dún yẹn. Bí ìdíje yẹn ṣe máa ń rí ni pé tábìlì pọ̀, gbogbo wọn ń ṣe ìrìnàjò kan náà, ẹ̀dá tí wọ́n máa lò ti wà nílẹ̀, àkókò níye, wọ́n sì ń gba máàkì. Ìdí nìyẹn táwọn ìwé àtijọ́ yẹn fi rí bí ìbéèrè JAMB, yàrá 1, yàrá 2, yàrá 3, ìdáhùn wà lọ́wọ́ olùkọ́.

Àmọ́ Gygax fi okùn kan sílẹ̀. Nínú ilé òmìrán kìíní lẹ ti máa rí ohun tó ń júwe ilé kejì, ti kejì á júwe ti kẹta, tẹ́ ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ òmìrán iná ẹ ó rí i pé àwọn kan ló ń ti gbogbo wọn láti abẹ́ ilẹ̀, àwọn drow, ẹ̀yà iwin kan tó ń gbé ibẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni ìwé D tẹ̀ lé e, ẹ ó máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ lọ bá wọn nílé. Q1 tó kádìí ẹ̀ jáde ní 1980, David Sutherland ló bá Gygax kọ ọ́, ibẹ̀ sì lojú rírán ti hàn, torí ẹ ó kàn bá ara yín nínú ọkọ̀ onírin kan tó rí bí aláǹtakùn, èmi ò tíì mọ bí ọ̀rọ̀ òmìrán ṣe gbé wa dénú ọkọ̀.

Ohun tó wá jẹ́ kó ṣeé ṣe fún tábìlì kọ̀ọ̀kan láti máa rán tiẹ̀ kéré gan-an, lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ sára ìwé ni, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ìrìnàjò yìí wà fún ẹ̀dá lẹ́fẹ́ẹ̀lì 1 sí 3, tọ̀hún fún àwọn tó ti gbó, bí èrò ọkọ̀ ṣe ń wo iwájú mọ́tò kó tó wọlé, Òṣú, Iléṣà. Ká ní ẹ parí B2, The Keep on the Borderlands, tí TSR máa ń fi sínú páálí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ti dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 3, ìwé òmìrán ń wò yín lórí pẹpẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ibẹ̀ báyìí wọ́n á fi yín jẹ ẹ̀kọ ni. Kí lẹ máa fi dí àlàfo yẹn? Ìwé mìíràn. Iṣẹ́ apàlọ́ dé nìyẹn o, torí kì í ṣe ká gbé ìwé lé ìwé, ó gbọ́dọ̀ wá ìdí táwọn èèyàn kan náà á fi kúrò níbí lọ sọ́hùn-ún. Ọgbọ́n tí Ẹ̀gbọ́n ń dá ni pé wọ́n á yọ orúkọ ẹnì kan nínú ìwé tá ò tíì dé, wọ́n á fi sẹ́nu ẹni tá a wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí, ó lè jẹ́ onígbèsè ẹ̀, ó lè jẹ́ àbúrò ẹ̀ tó sọ nù, nígbà tá a bá fi máa pàdé onítọ̀hún ó ti ń bí wa nínú. Nígbà tí ìwé ìròyìn Dungeon bẹ̀rẹ̀ ní 1986, irú ìrìnàjò kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló kún inú ẹ̀, bí abala aṣọ tí télọ̀ máa ń rọ sínú àpò, tí kò ní da ẹyọ kan nù.

Ọdún yẹn náà ni TSR fúnra wọn mú abẹ́rẹ́. Ìwé T1, Abúlé Hommlet, tó jáde ní 1979, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ di T1-4 ní 1985, òun ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá kó A1 sí A4, tó dá lórí àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú, di ìwé kan, wọ́n kó G, D àti Q di GDQ1-7, wọ́n ní kéèyàn ti inú ti àkọ́kọ́ bọ́ sínú èkejì, kó bọ́ sínú ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ ìdíje níbi àpéjọ eléré Gen Con 1980 ni wọ́n fi ìwé A mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, òǹkọ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n, kò sẹ́ni tó ro ti Hommlet mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń fi ojú rírán ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe. Ẹ wo agọ̀ eégún, abala lórí abala, ti bàbá ńlá, ti ọmọ, èyí tí wọ́n fi kún un lésìí, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí àrán ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àńkárá, tó bá ṣáà ti ń bọ̀, ẹ sá.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà kejì, wọ́n ra odindi aṣọ, wọ́n gé e. Ọ̀wọ́ ìrìnàjò Dragonlance tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, Tracy Hickman àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ti ro ìtàn látòkè kí wọ́n tó gé e sí ìwé ìwé. Lọ́dún yẹn náà ilé iṣẹ́ Chaosium gbé Masks of Nyarlathotep jáde fún eré Call of Cthulhu, New York, London, Cairo, Kenya, Shanghai, ibi tó wù yín lẹ lè gbà. Kenya dé ibẹ̀, Ifẹ̀ ò dé ibẹ̀, ó dáa náà. Ní 2003 Dungeon bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ tí wọ́n pè ní Adventure Path, ní 2007 Paizo, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ Dungeon nígbà yẹn, sọ ọ́ di ìwé olóṣooṣù, mẹ́fà ló sábà máa ń parí ìtàn kan nígbà náà, lẹ́fẹ́ẹ̀lì bára mu, kò sí àlàfo kankan. Mo ti ṣe ọ̀kan rí, ó dùn, mi ò ní purọ́, àmọ́ apàlọ́ wa ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ títí a fi parí, àjẹ́ ò sì lè ṣèèṣì di ìyàwó ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ni D&D báyìí náà tún padà síbẹ̀, ní 2017 wọ́n kó ìrìnàjò méje tó ti jáde tẹ́lẹ̀ sínú ìwé kan, Tales from the Yawning Portal, ilé òmìrán mẹ́ta yẹn wà ńbẹ̀, kálukú lọ rán an bó ṣe wù ú.

Tiwa ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ti yí gbogbo orúkọ padà. Hommlet ti di Òṣú, àwọn òmìrán ń gbé lọ́nà Ifẹ̀wàrà níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ihò tó ní ìpele lórí ìpele wá bọ́ sí Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, torí omi Olúmirin náà ní ìpele méje, ẹni tó bá sì ti gùn ún rí, kò sẹ́ni tó máa ṣàpèjúwe fún un bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Dáìsì olójú ogún kan ṣoṣo tá a ní yí wọ gọ́tà, a yọ ọ́, a fọ̀ ọ́, lẹ́yìn ìyẹn ló sọ nù pátápátá. A bá gé páálí Indomie sí ogún, a kọ 1 dé 20 sí i, a kó o sínú agolo Mílò, a ń mì í, a ń fà á. Ojú máa ń tì mí tí àlejò bá wà ńbẹ̀, àfi ìgbà tí mo kà á pé ní 1979 dáìsì wọ́n TSR náà, páálí tí wọ́n tẹ nọ́mbà sí ni wọ́n kó sínú páálí eré dípò ẹ̀, kéèyàn gé e kó máa fà á. Mo sáré sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé wọ́n ní Mílò?"

Sátidé tó kọjá a gun Olúmirin dé ìpele kẹrin, iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ìyàwó òmìrán ti dúró lórí àpáta lókè orí wa, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun fẹ́ bi wá. Gbogbo wọn wò mí. Mo ti ọwọ́ bọ agolo. Mo fa 1.